Ààwẹ̀ Kan Péré Tí Màámi Tọrọ

Mo fi omi gbígbóná se oògùn mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Abẹ́rẹ́ tí ilé ìwòsàn kó lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí n tọ́jú sínú fíríìjì, tí wọ́n tún là á yé mi pé bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé kí n kàn gbé e sórí tábìlì nínú ọ̀rá rẹ̀ kí òtútù ara rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, èmi ni mo bu omi tó ń hó sínú abọ́, tí mo rì í síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọ yìnyín lára ẹja tó rà ní ọjà Sandgrouse. Ohun tí mo gbọ́ ni pé bí oògùn náà bá tutù, ó máa ń ki, bó bá sì ki, ó máa ń dunni. Mo wá rò ó nínú ara mi pé bó bá jẹ́ pé kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló dára, á jẹ́ pé kó gbóná ló dára jù. Bí ẹ̀rù ṣe máa ń sọ àgbàlagbà di ọ̀mọ̀wé nìyẹn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún un wọ ilé mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fọwọ́ kan ọ̀rá náà, ó wo abọ́ tí èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀, ó wá wo ojú mi. Ọmọ Gánà ni, Gírésì lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Èkó tó ti tọ́jú ṣáájú mi ló kọ́ ọ ní "bọ̀ọ̀dá".

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ fi jẹ gàrí ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló yẹ kí n kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gún ara rẹ̀, kí n lè gbé abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e dání lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n lọ bá ìyá mi gba ààwẹ̀ kan péré tó ń tọrọ lọ́wọ́ mi. Oògùn tó bàjẹ́ yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ààwẹ̀ yẹn ni.

Iṣẹ́ aago ni mo ń ṣe kí n tó kúrò nílé. Àpótí onígíláàsì kan ni mo ní ní Obalende, lẹ́bàá ibi tí àwọn kọ̀ǹdọ́ ti ń pe èrò, ibẹ̀ ni mo ti ń tú aago tí kò ju èékánná obìnrin lọ, tí mo sì ń tò ó padà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tí fóònù wọ̀lú, tí kálukú ń wo àsìkò lójú rẹ̀, àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, èmi náà sì wá ibi gbà. Bí mo ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìtàn nínú. Mo ṣáà débẹ̀, òtútù sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bí ajá onílé tí kò mọ àlejò.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní agbo ilé wa, ènìyàn ò lè ti ẹnu yàrá rẹ̀ dé ojú títì láìkí ìyá kan, láìdá bàbá kan lóhùn, láìbá ẹnìkan gbé nǹkan rù. Mọ́ṣáláṣí mẹ́ta ló ń pe ìrun sí wa létí, wọn kì í sì í pè é pọ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ parí ni èkejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóhùn sókè, bí ẹni pé ó ń já a nírọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, mo pàdé bàbá arúgbó kan lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Mo tẹ̀ba, mo fọwọ́ kanlẹ̀, mo kí i. Bàbá náà tẹ̀ba pẹ̀lú mi, ó ń wo ilẹ̀ yíká, ó ní kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí láti sọ pé mo ń kí i ni. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpò mi.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni títún ọ́fíìsì ṣe kí àwọn tó ni ín tó dé. Mo mọ tábìlì wọn, mi ò mọ ojú wọn. Mo mọ ẹni tó ń jẹ bisikíìtì, mo mọ ẹni tó fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri lọ́jọ́ kan tí kò tún yí i padà mọ́. Aago ògiri kan wà níbẹ̀ tó ti kú láti ìgbà tí mo ti dé. Lọ́jọ́ kan, mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo tú u, mo nu eruku inú rẹ̀, mo gbé e padà, ó ń rìn. Ní ọjọ́ kejì, ẹnìkan ti gbé ṣokoléètì sí abẹ́ rẹ̀. Ta ni mo máa sọ fún? Mo pe Màámi. Mo ní wọ́n ti mọ̀ mí ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Ṣé wọ́n ti mọ orúkọ rẹ?" ó ní.

"Rárá, Màámi."

"Kí ni wọ́n wá mọ̀?"

Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni ìyá mi ń tà ní Jankara, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún un, kí ó ti ṣètò irọ́ náà sílẹ̀ dáadáa. Mo sì pa púpọ̀.

Ibi tí irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo lè wà lẹ́nu iṣẹ́, mo lè jókòó jẹ́jẹ́, kí ooru ṣàdédé ti àyà mi gùn dé orí, kí ojú mi máa jó bí ẹni tó rọ ata sí i. Lẹ́yìn náà ni inú á lọ́, màá sì sáré. Ní ọ́fíìsì tí mo ń tún ṣe, kò sí ilé ìgbẹ́ tí mi ò mọ bó ṣe jìnnà sí ibi tí mo dúró. Mo sọ fún Màámi pé inú ń run mí. Ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ìlú yẹn ti pọ̀ jù. Ó po àgbo jẹ̀dí sínú ike, ó fi rán ẹnìkan tó ń bọ̀. Mo mu àgbo náà tán. Ó rán òmíràn. Ọdún kọjá lórí àgbo, jẹ̀dí tí kì í ṣe jẹ̀dí sì ń gbèrú nínú mi.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn níkẹyìn, wọ́n yẹ̀ mí wò títí, wọ́n wá jókòó tì mí. Dókítà ní kókó kan wà nínú ìfun mi, ó sì ti ta ẹ̀ka. Kò jókòó lásán. Ó ń ṣe hòmóònù, ohun tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn, ó sì ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ mi láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló ń mú ojú mi jó, òun ló ń lé mi sáré. Wọ́n máa yọ èyí tí ọ̀bẹ lè dé. Ìyókù, abẹ́rẹ́ ni yóò máa ká a lọ́wọ́ kò, lóṣooṣù. Inú abẹ́rẹ́ náà, hòmóònù bákan náà ni, èyí tí wọ́n ṣe láti fara jọ ti inú ara tó máa ń sọ pé "ó tó". Ó yé mi dáadáa. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí àwọn ọmọ ìta bá ń da àdúgbò rú, ọlọ́pàá kọ́ là ń pè. Àgbà kan tí wọ́n ń bẹ̀rù là ń pè, á jáde síta, á ní kí kálukú wọlé. Àgbà yẹn ni oògùn mi. Ohun tó burú ni pé ìdí mi ló ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ jẹ́ fún mi, kí ẹ má baà rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tí mo wà níléèwé, àwọn nọ́ọ̀sì wá láti gún wa. Mo fo fẹ́ǹsì, mo sá lọ sí abẹ́ àtẹ ìyá mi ní Jankara, mo fara pamọ́ sáàárín kànìnkànìn. Màámi ò nà mí. Ó di ọjà rẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ padà síléèwé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé mi lé itan, ó fi ìborùn rẹ̀ bò mí lójú, ó sì dì mí mú. Ó ní, "Sunkún bó ṣe wù ẹ́. O ò ṣáà ní jábọ́." Mo sunkún. Mi ò jábọ́.

Ní ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, kò sí itan. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ bébà lé ló wà. Oògùn ìgbà yẹn, ìyẹ̀fun ni, omi rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Nọ́ọ̀sì Gírésì á pò ó, á dúró kó yòrò, á rọra yí i, nítorí tó bá pẹ́ jù, á dì sẹ́nu abẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, ó ti gún mi tán kó tó di pé ẹnu abẹ́rẹ́ náà dí. Ó bẹ̀ mí, ó po òmíràn, ó gún mi ní ìdí kejì. Ayatul Kúrísíyù tí mo ké lọ́jọ́ náà, ẹni tó wà ní yàrá kejì yọjú.

Ẹni tó wà lókèèrè dà bí aago tí wọ́n gbé láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Kò bàjẹ́, ó ń rìn, àmọ́ àsìkò tó ń wí kì í ṣe ti ibi tó wà. Mo máa ń mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Jankara. Tí mo bá ń nu tábìlì olówó kan, màá ní lọ́kàn mi, Màámi ti tẹ́ àtẹ rẹ̀ báyìí. Mi ò mọ orúkọ ẹni tí mo ń nu tábìlì rẹ̀. Ibi tí mo ti jẹ́ ẹnìkan, mi ò sí níbẹ̀. Ibi tí mo wà, àga ọ́fíìsì ló mọ̀ mí.

Màámi ò tọrọ owó lọ́wọ́ mi rí. Ó ní ìwọ̀nba tí mo bá fi ránṣẹ́ ti tó òun. Ohun kan ló tọrọ, ó sì ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí oṣù Ṣààbáánù, tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀, bá wọlé.

"Ààwẹ̀ kan péré ni, ọkọ mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìtúnu. Kí n jí ọ fún sààrì bí mo ṣe máa ń jí ọ, kí o máa kùn bí o ṣe máa ń kùn."

"Iṣẹ́ ni ò jẹ́, Màámi."

"Ta ni ọ̀gá rẹ? Ṣé kì í gbààwẹ̀ ni?"

"Òyìnbó ni, Màámi."

"Mo gbọ́. Bá mi kí i."

Bí mo ṣe lè ṣírò rẹ̀ tó, abẹ́rẹ́ kan á bọ́ sáàárín oṣù ààwẹ̀ náà. Tí mo bá lọ, mo gbọ́dọ̀ gbé e dání, kí ẹnìkan sì gún mi níbẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n máa mọ̀ nílé. Mo lè sọ pé nítorí kí ọkàn ìyá mi má baà bàjẹ́ ni mo ṣe fi pamọ́. Ó dùn ún gbọ́. Òótọ́ tó kù ni pé Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni mo ti lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa gbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bàbá mi má rí mi.

Lọ́dún kan, ó yí ohùn padà. Ó ní, "Bí o kò bá tilẹ̀ lè gbà á, wá máa bá mi jẹ ìṣínu. Ọlọ́run mọ̀ pé ara kì í dọ́gba." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mi ò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní àkókò yẹn ni àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà rán ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn wa. Wọ́n fẹ́ ṣe é kó dára ju bó ṣe wà lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwa tí wọ́n ń gún àti àwọn tó ń gún wa. Wọ́n po tíì fún wa. Wọ́n to oríṣiríṣi ìdìmú abẹ́rẹ́ sórí tábìlì, pẹ̀lú tìmùtìmù kan tí wọ́n ní kí á kà sí ìdí ènìyàn. Nọ́ọ̀sì Gírésì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àtàǹpàkò òun ń ro òun tó bá di ìrọ̀lẹ́, nítorí oògùn náà ki, ó sì le láti tì. Ó ní òun ò fẹ́ máa pò ó mọ́, pé ìgbà tí òun bá gún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, òun kì í lè jẹun ọ̀sán. Ó ní kí wọ́n ṣe é kí abẹ́rẹ́ náà wọlé padà fúnra rẹ̀ tó bá ti tán, kó má baà gún nọ́ọ̀sì. Òyìnbó kan, aláìsàn bíi tèmi, tó ti wa ọkọ̀ ojú irin rí, ní òun fẹ́ kó dún "ká" tó bá ti parí, kí òun lè mọ ìgbà tí òun máa mí.

Wọ́n kọjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

Mo ní, "Kò sí wàhálà. Gbogbo ẹ̀ dára. Ẹ ṣeun."

Gírésì wò mí. Òun tó mọ̀ pé mo ti fa bébà orí bẹ́ẹ̀dì ya lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí a jáde, ó dá mi dúró.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi, mo tún máa bẹnu àtẹ́ lù wọ́n? Nílé wa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Nílé tiwa náà, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá sọ, wọ́n á rò pé igi ni ìdí yín."

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n yí oògùn mi padà sí èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìdìmú rẹ̀ tóbi, kò sí ìyẹ̀fun, bó bá tán, á fà wọnú àpò rẹ̀. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, èmi kàn ń jẹ níbẹ̀ ni. Ohun tó tún dára nínú rẹ̀ ni pé kò di dandan kó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa gún un. Aláìsàn lè kọ́ ọ, ará ilé rẹ̀ náà lè kọ́ ọ.

Gírésì gbé ìwé sí iwájú rẹ̀, ó bi mí pé, "Ta ni ẹ ní nílé tó lè bá yín gún un?"

Mo ní, "Kò sẹ́nìkan."

Àǹtí Kúbúrà, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, tó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn kí n má baà ṣubú nígbà tí mo ń kọ́ ìrìn, nọ́ọ̀sì ni. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, abẹ́rẹ́ ló ń gún àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo wo ojú Gírésì, mo ní kò sẹ́nìkan.

Ìyẹn ló fi ní á jẹ́ pé èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ, kí n lè rìnrìn àjò. Mo gbà. Mo pe Màámi, mo ní kó máa retí mi lọ́dún yìí. Kò pariwo. Ó ní òun máa kun yàrá lọ́dà. Ọjọ́ ẹ̀kọ́ náà pé, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí mo fi omi gbígbóná ṣe. Kí wọ́n tó rí òmíràn fún mi, ọjọ́ ti kọjá lórí ara mi. Ojú mi ń jó, inú ń lọ́, mo rù, dókítà sì ní mi ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú irú ara bẹ́ẹ̀. Mo pe Màámi padà. Mo ní iṣẹ́ ni.

"Kò burú," ó ní. "Ọ̀dà náà á ti gbẹ dáadáa kí o tó dé."

Inú ààwẹ̀ yẹn ló kú. Mo ń nu ilẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí Àǹtí Kúbúrà pè. Ó ní, "Àbúrò, Màámi ti lọ. Ó jẹ sààrì, ó kírun, ó dùbúlẹ̀." Mo bi í ní ìgbà tí wọ́n máa sin ín, bí ẹni pé mo lè débẹ̀. Kí wọ́n tó kí ìrun Aláásárì, wọ́n ti sin ín. Mo parí ilẹ̀ tí mo ń nù. Aago tí mo tún ṣe ń rìn lórí ògiri, ó ṣe mí bíi kí n gun àga kí n dá a dúró. Nírọ̀lẹ́, mo fi omi àti dàbínù ṣínu ní yàrá mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo yó.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ò fi mí sílẹ̀. Ṣé àìmọ̀ ni mo fi se abẹ́rẹ́ náà, àbí inú mi lọ́hùn-ún mọ̀ pé bó bá bàjẹ́, kò ní sí ìdí láti gún un? Atún-aago-ṣe ni mí. Mo mọ ohun tí ooru ń ṣe sí nǹkan kékeré.

Ọdún yípo. Nígbà tí ààwẹ̀ tún ń súnmọ́, mo lọ sílé. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé mi padà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè bá mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Gírésì ti kọ́ mi lórí tìmùtìmù, mo ti gún tìmùtìmù yẹn láìmọye ìgbà láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n mi ò tíì gún ara mi rí. Síbẹ̀ ó fi dandan lé e pé kí n gbé ọ̀kan dání nínú báàgì tútù, tí ọkọ̀ bá lọ dá mi dúró ńkọ́. Ó ní, "Ẹ gbé e sí fíríìjì, bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é."

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ti wó ilé tó wà ní ìkángun, wọ́n ń kọ́ ilé ọlọ́pọ̀ àjà síbẹ̀. Àwọn ọmọdé tí mi ò mọ̀ ń kí mi, "Ẹ káàbọ̀, sà, ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ." Wọ́n mọ̀ mí láìtíì rí mi rí. Yàrá Màámi ń ta òórùn ọṣẹ dúdú àti ọ̀dà. Wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sùn lórí rẹ̀ rí. Ìborùn rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó.

Mo jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Àǹtí Kúbúrà wọlé. Omi tútù ló lọ mú nínú fíríìjì. Páálí abẹ́rẹ́ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Àǹtí mi."

Ó fi awò sójú, ó kà á. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màámi.

"Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí."

"Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí."

Ó ní kí n máa wí, mo sì wí i tán, láti orí àgbo dé orí omi gbígbóná. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ibi tí Gírésì ti bi mí pé ta ni mo ní nílé, mo fẹ́ fò ó, mi ò lè fò ó. Mo sọ ohun tí mo dáhùn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹnu ìró nù ún, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti gún lèmọ́mù," ó ní. "Mo ti gún ọmọ ìta kan tí gbogbo Jankara ń sá fún, ó ń pe ìyá rẹ̀. O jẹ́ kí àjèjì máa gún ọ, èmi wà níhìn-ín."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa gún èyí?"

"Tí ààwẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ mi á ti gbéra nígbà náà." Mo wá sọ èyí tó wà nísàlẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni. Mi ò mọ̀. Màámi kun yàrá dè mí, mi ò wá, nítorí abẹ́rẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ wá gbààwẹ̀ fún níhìn-ín?"

Láti ìta, mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun, èkejì sì já a gbà.

"Màámi mọ̀," ó ní. "Ó rí ojú rẹ nínú fóònù, bó ṣe ń pọ́n. Ó ní, 'Kúbúrà, ojú ọmọ yìí kì í ṣe ojú ẹni tó ní jẹ̀dí.' Mo ní jẹ́ kí n bi í. Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ẹni tó ń sá, tí a bá tún ń lé e, ṣe ló máa sáré sí i. Ó ní o máa wá fúnra rẹ."

"Mi ò wá."

"O ti wá." Ó dìde, ó mú ìborùn orí ìṣó, ó gbọn eruku rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀ nígbà tó jókòó padà. "Láàárọ̀ tó fẹ́ lọ, a jọ jẹ sààrì. Ó ní bí òun ò bá sí nílé nígbà tí o bá dé, kí n má pàṣẹ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù. Ó ní kí n ṣáà bá òun dì ọ́ mú."